Yíyan Rìmóòtù àti Orí Ẹsẹ̀ Kámẹ́rà Olówó Pọ́ọ́kú

Ẹni tí ó bá fẹ́ ya ìlú lóru, tàbí tí ó fẹ́ ya àwòrán ẹbí tí òun fúnra rẹ̀ yóò wà nínú rẹ̀, tàbí tí ó ń ya bàtà àti ìlẹ̀kẹ̀ tí ó fẹ́ tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní pẹ́ mọ̀ pé kámẹ́rà nìkan kò tó iṣẹ́ náà ṣe. Yóò nílò ohun tí yóò gbé kámẹ́rà dúró gbọin-gbọin, yóò sì nílò ohun tí yóò fi pàṣẹ fún un láìfi ọwọ́ kàn án, nítorí pé ìka tí ó tẹ bọ́tìnnì máa ń mi kámẹ́rà díẹ̀, díẹ̀ yẹn náà sì ti tó láti sọ àwòrán tí ó gba ìṣẹ́jú-àáyá kan di bàìbàì. Èyí tí ó ń gbé kámẹ́rà dúró ni ẹsẹ̀ kámẹ́rà, tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán ń pè ní tripod, pẹ̀lú orí rẹ̀, ìyẹn apá òkè tí a ń de kámẹ́rà mọ́, tí a sì ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún; èyí tí a fi ń pàṣẹ ni rìmóòtù.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe kámẹ́rà, bí Canon, Nikon àti Sony, ń ṣe rìmóòtù tiwọn, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń tà á sábà máa ń jẹ́ ìlọ́po-ìlọ́po iye tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ń ta ohun tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn wọ̀nyí wà ní ìpínlẹ̀ Guangdong ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà: Godox àti Neewer wà ní ìlú Shenzhen, Benro àti Sirui sì wà ní Zhongshan. Ọjà wọn ni ó kún ìsọ̀ àwọn tí ń ta ohun èlò kámẹ́rà ní Èkó àti Ìbàdàn, òun náà ni ó sì pọ̀ jù lójú ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Èrò pé ohun tí kò bá ti ọwọ́ ẹni tí ó ṣe kámẹ́rà wá, ayédèrú ni, kò tọ̀nà rárá; bẹ́ẹ̀ ni èrò pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, kí ènìyàn sáà ra èyí tí ó bá pọ́ jù, náà ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí gbèsè. Ohun tí ó yẹ kí olùrà fi ṣe òṣùwọ̀n ni ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ohun èlò náà bá kọṣẹ́ lójú agbo: bí rìmóòtù bá kú, àwòrán kan ni ó bọ́, ayàwòrán yóò sì fi ìka tẹ èyí tí ó kàn, ṣùgbọ́n bí orí ẹsẹ̀ kámẹ́rà bá tú ohun tí ó dì mú sílẹ̀, kámẹ́rà àti lẹ́ńsì ni yóò fi orí ṣọlẹ̀. Láti inú ìyàtọ̀ yìí ni a ti lè mọ ibi tí ó yẹ kí á ti ṣún owó ná àti ibi tí kò yẹ.

Ó dára láti kọ́kọ́ mọ bí rìmóòtù oníwáyà ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kò ní jẹ́ kí òǹtajà fi ọ̀rọ̀ dídùn gba owó rẹ̀. Bọ́tìnnì tí ó wà lórí kámẹ́rà ní ìpele méjì: bí a bá tẹ̀ ẹ́ dé ìlàjì, kámẹ́rà yóò wá fókọ́ọ̀sì, èyí tí í ṣe mímú kí ohun tí a ń yà hàn kedere, bí a bá tẹ̀ ẹ́ wọlé tán, ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tí ó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, yóò ṣí, àwòrán yóò sì di yíyà. Rìmóòtù oníwáyà kàn ń ṣe àwòkọ ìpele méjèèjì yìí ni. Bí a bá tú ìdérí rẹ̀, wáyà mẹ́ta péré ni a sábà máa ń bá nínú rẹ̀, ọ̀kan fún fókọ́ọ̀sì, ọ̀kan fún ṣọ́tà, ìkẹta sì jẹ́ èyí tí àwọn méjèèjì jọ ń lò, tí àwọn oníná máa ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Wáyà kọ̀ọ̀kan parí sí ara ewé irin tín-ín-rín kan, àwọn ewé irin náà sì wà lórí ara wọn pẹ̀lú àlàfo díẹ̀ láàárín. Nígbà tí ìka bá tẹ bọ́tìnnì, ewé òkè yóò kan ewé tí ó tẹ̀lé e, kámẹ́rà yóò sì wá fókọ́ọ̀sì. Bí ìka bá tẹ̀ ẹ́ síwájú sí i, wọn yóò kan ewé ìkẹta, àwòrán yóò sì di yíyà. Kò sí ọpọlọ kankan nínú rìmóòtù náà, kò sí bátìrì, kò sí ohun tí ó lè rán iná tí ó lágbára jù wọ inú kámẹ́rà. Ìdí nìyí tí ó fi ṣòro láti rí ìdí pàtàkì kan tí ó yẹ kí ènìyàn fi san owó gọbọi lórí rẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà ni ẹnu wáyà, ìyẹn apá tí a ń kì bọ inú kámẹ́rà. Àwọn ilé-iṣẹ́ kámẹ́rà kò fi ẹnu kò lórí èyí, kódà ilé-iṣẹ́ kan náà a máa lo oríṣiríṣi. Canon 600D, 700D àti 70D ń lo ẹnu róbótó tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 2.5, èyí tí ó dàbí ti gbohùngbohùn etí fóònù ṣùgbọ́n tí ó kéré sí i, rìmóòtù ojúlówó rẹ̀ sì ni RS-60E3. Ṣùgbọ́n Canon 5D àti 7D ń lo ẹnu oníhò mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní N3. Ní ti Nikon, D90, D7000 àti D750 ń lo èyí tí rìmóòtù MC-DC2 bá mu, nígbà tí D300, D700 àti D800 ń lo ẹnu róbótó ńlá tí ó ní pín-ìn-nì mẹ́wàá. Ìhò tí Sony fi sí ara a6000 jọ ìhò tí a fi ń gba iná sí ara fóònù Android àtijọ́, wáyà fóònù sì máa ń wọ̀ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ní àwọn pín-ìn-nì mìíràn tí wáyà fóònù kò ní, àwọn wọ̀nyí gan-an ni rìmóòtù sì ń lò.

Pé ẹnu wáyà wọ inú ìhò kò túmọ̀ sí pé yóò ṣiṣẹ́. Rìmóòtù Canon tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 2.5 yóò bá kámẹ́rà Pentax ṣe, nítorí pé ètò wáyà wọn jọra, ṣùgbọ́n kámẹ́rà Panasonic tí òun pẹ̀lú ní ìhò 2.5 kì í lo fífi wáyà kan wáyà lásán: àwọn ohun kékeré tí ń dín agbára iná kù ni wọ́n fi sínú rìmóòtù tirẹ̀, bí iná ṣe dínkù sí ni kámẹ́rà fi ń mọ̀ bóyá ìlàjì ni ìka dé tàbí ó ti dé ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí ó wà lára páálí pé rìmóòtù kan "bá gbogbo kámẹ́rà mu" kò ṣeé gbára lé. Orúkọ àti nọ́ńbà kámẹ́rà gan-an ni kí olùrà wá lára páálí, kí ó sì fi wé èyí tí ó wà ní iwájú kámẹ́rà rẹ̀. Àwọn kámẹ́rà kan kò tilẹ̀ ní ìhò rìmóòtù rárá. Canon EOS M50 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, rìmóòtù tí ń lo Bluetooth tàbí fóònù ni ó ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ẹ̀yà kejì ni rìmóòtù tí ń lo infrared, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí, irú èyí tí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ń lò. ML-L3 ti Nikon àti RC-6 ti Canon ni àwọn ojúlówó tí àwọn yòókù ń ṣe àwòkọ wọn. Ó kéré, ó sì pọ́, ṣùgbọ́n ó ní àléébù mẹ́ta kan tí kò sí bí a ṣe lè yẹra fún wọn, ì báà jẹ́ ojúlówó tàbí àwòkọ: iwájú kámẹ́rà ni ojú tí ń gba àmì rẹ̀ sábà máa ń wà, ẹni tí ó bá dúró sẹ́yìn kámẹ́rà yóò sì kàn máa tẹ̀ ẹ́ lásán ni, oòrùn ọ̀sán gangan a máa bò ó mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè jìnnà ju ìwọ̀n mítà márùn-ún lọ kí ó tó di pé ó ń ṣe ségesège. Ọ̀nà kan wà tí olùrà lè fi yẹ̀ ẹ́ wò ní ìsọ̀ láìná kọ́bọ̀. Kí ó ṣí kámẹ́rà fóònù, pàápàá èyí tí ó wà níwájú tí a fi ń ya ara ẹni, kí ó kọ orí rìmóòtù náà sí i, kí ó sì tẹ bọ́tìnnì. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà fóònù máa ń rí infrared, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ àlùkò tàbí funfun kan yóò ṣẹ́jú wàì lójú fóònù bí rìmóòtù náà bá ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá ṣẹ́jú, bátìrì pẹlẹbẹ inú rẹ̀ ni kí á kọ́kọ́ fura sí, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ó ti pẹ́ nínú páálí.

Ìkẹta ni èyí tí ń lo ìgbì rédíò, tí ó ní ẹ̀yà méjì: ọ̀kan wà lọ́wọ́ ayàwòrán, ọ̀kan sì wà lórí kámẹ́rà, níbi tí a ń fi fíláàṣì sí, pẹ̀lú wáyà kúkúrú kan tí ó wọ inú ìhò rìmóòtù. Ìgbì rédíò kò bìkítà fún oòrùn, kò sì nílò kí ayàwòrán dúró síwájú. Níbi ayẹyẹ tí ayàwòrán mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti ń ṣiṣẹ́, kí olùrà rí i dájú pé rìmóòtù náà ṣeé yí sí ìkànnì mìíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tí ó wà lápá kejì gbọ̀ngàn lè máa fi rìmóòtù tirẹ̀ tẹ kámẹ́rà ẹlòmíràn. Ohun méjì mìíràn ni ó yẹ kí á wò ju orúkọ ilé-iṣẹ́ lọ. Èkínní ni pé kí wáyà kúkúrú náà ṣeé yọ kúrò lára rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá pààrọ̀ kámẹ́rà lọ́la yóò kàn ra wáyà mìíràn ní owó táṣẹ́rẹ́ ni, kò ní ju gbogbo rìmóòtù náà nù. Èkejì ni irú bátìrì tí ó ń lò: èyí tí ń lo bátìrì AAA sàn ju èyí tí ń lo CR2 tàbí A23 oní-fóltì 12 lọ, torí pé AAA wà ní gbogbo ìsọ̀ kékeré títí dé ìletò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń wá A23 ní ọjọ́ Sátidé ìgbéyàwó yóò rìn jìnnà.

Àwọn rìmóòtù kan ní ojú kékeré tí ń fi nọ́ńbà hàn, wọ́n sì lè ka àkókò fúnra wọn: wọn yóò ya àwòrán kan ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá fún wákàtí méjì, bí àpẹẹrẹ, kí ẹni tí ó ń ya bí ilé ṣe ń ga sí i tàbí bí òjò ṣe ń ṣú lè so àwọn àwòrán náà pọ̀ di fídíò. Àkókò tí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà lè fi ṣí ṣọ́tà sílẹ̀ fúnra wọn kì í ju ìṣẹ́jú-àáyá 30 lọ; ẹni tí ó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ yí kámẹ́rà sí ipò tí wọ́n ń pè ní Bulb, níbi tí ṣọ́tà yóò wà ní ṣíṣí níwọ̀n ìgbà tí ìka bá ṣì wà lórí bọ́tìnnì, rìmóòtù tí bọ́tìnnì rẹ̀ ṣeé tì síwájú kí ó há síbẹ̀ ni yóò sì gba ìka rẹ̀ lọ́wọ́ ìnira. Ẹni tí kò bá ń ṣe èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí kò nílò rẹ̀. Ká má tilẹ̀ parọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń wá rìmóòtù kiri ni kò nílò rìmóòtù kankan: inú kámẹ́rà wọn ni àṣẹ wà tí yóò mú kí ó dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 2 tàbí 10 kí ó tó ya àwòrán, fóònù ọwọ́ wọn sì lè di rìmóòtù pẹ̀lú SnapBridge ti Nikon tàbí Camera Connect ti Canon, bí kámẹ́rà náà bá ní Wi-Fi tàbí Bluetooth. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ orí ẹsẹ̀ kámẹ́rà kò rọrùn bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì yẹ kí olùrà fara balẹ̀ sí. Ẹ̀yà mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Orí oníbọ́ọ̀lù ní bọ́ọ̀lù irin kan tí ó jókòó sínú ihò róbótó, tí a lè yí sí ibikíbi, tí a ó sì fi kókó kan lọ́ pinpin kí ó má baà mì mọ́. Ó yá lò, ó sì fúyẹ́. Orí ọlọ́nà mẹ́ta ní ọwọ́ gígùn méjì tàbí mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yí kámẹ́rà sí ọ̀nà kan ṣoṣo, ìyẹn òkè àti ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì, tàbí ìdàgẹ́rẹ́. Kò yá, ṣùgbọ́n ó dára fún ẹni tí ń ya ilé tàbí ohun títà, tí ó fẹ́ tún ìlà kan ṣe láìba ìlà kejì jẹ́. Ẹ̀kẹta ni orí fídíò, tí a fi gíríìsì tí ó ki sínú rẹ̀ kí kámẹ́rà lè máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́ láìfò. Èyí tí ó pọ́ jù nínú irú ìkẹta yìí kì í sábà ní gíríìsì gidi nínú. Bí a bá fi ọwọ́ yí i jẹ́jẹ́, ó máa ń di mọ́ ibì kan, lẹ́yìn náà ni yóò fò lójijì, fídíò yóò sì fi hàn. Ẹni tí fídíò jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣún owó ná níbẹ̀.

Ohun kan wà tí gbogbo ilé-iṣẹ́ fi ẹnu kò lé lórí, òun náà sì ni bóòtù tí ń so kámẹ́rà mọ́ orí àti orí mọ́ ẹsẹ̀. Bóòtù tí ń wọ ìdí kámẹ́rà nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì, ó sì ní eyín 20 nínú íǹṣì kan. Èyí tí ó sábà máa ń so orí mọ́ ẹsẹ̀ nípọn tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ íǹṣì, ó sì ní eyín 16. Òfin àgbáyé kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ISO 1222 ni ó là wọ́n sílẹ̀. Nítorí èyí, orí tí a rà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan lè jókòó lórí ẹsẹ̀ tí a rà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn, nígbà mìíràn pẹ̀lú òrùka idẹ kékeré kan tí ń sọ ihò ńlá di kékeré. Olùrà gbọ́dọ̀ fi ìka ọwọ́ lásán lọ́ bóòtù náà wọlé: bí ó bá jẹ́ ojúlówó iṣẹ́, yóò wọlé wọ́ọ́rọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ó bá há lẹ́yìn ìlọ́ méjì, tí òǹtajà sì ń sọ pé kí á sáà fi agbára lọ́ ọ, kí á dá a padà fún un, nítorí pé eyín tí ó fẹ́ jẹ nínú ihò yẹn lè jẹ́ ti kámẹ́rà.

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni orí oníbọ́ọ̀lù rí nínú páálí, gbogbo wọn ni ó dúdú, tí ó ń dán, tí wọ́n sì kọ nọ́ńbà gbàǹgbà sí lára pé wọ́n lè gbé kílò 8, kílò 10, tàbí kílò 15. Kò sí òfin kan ṣoṣo tí gbogbo ilé-iṣẹ́ fi ń wọn nọ́ńbà yìí. Ilé-iṣẹ́ kan lè gbé ìwọ̀n náà kalẹ̀ tààrà sórí bọ́ọ̀lù tí ó dúró ṣánṣán, kí ó sì kọ ohun tí ó rí; òmíràn lè wọ̀n ọ́n ní ìdàgẹ́rẹ́. Ìwúwo lásán kọ́ ni ó sì ń yẹ orí ẹsẹ̀ kámẹ́rà, bíkòṣe bí ìwúwo náà ṣe jìnnà sí bọ́ọ̀lù tó. Kílò kan ààbọ̀ tí ó yọ síwájú ní ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ń fa bọ́ọ̀lù náà wálẹ̀ bákan náà pẹ̀lú kílò mẹ́ta tí ó yọ síwájú ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́ńsì 70–200 tí ojú rẹ̀ ṣí dé f/2.8, tí àwọn ayàwòrán ìgbéyàwó fẹ́ràn, wúwo tó ìwọ̀n kílò kan ààbọ̀, ó sì gùn, nítorí náà orí tí ó ń gbé kámẹ́rà pẹ̀lú lẹ́ńsì kékeré láìjanpata lè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nígbà tí ó bá rí i. Irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ máa ń ní òrùka irin ní ìdí, tí ó ní ẹsẹ̀ kékeré tirẹ̀. Ẹsẹ̀ yìí ni ó yẹ kí á dè mọ́ orí, kì í ṣe ìdí kámẹ́rà, kí ìwúwo lè pín sí iwájú àti ẹ̀yìn. Ìlànà tí kì í jáni kulẹ̀ ni kí á pín nọ́ńbà tí ó wà lára páálí olówó pọ́ọ́kú sí mẹ́ta, kí á sì gba ìdá kan gbọ́.

Àyẹ̀wò tí ó dára jù kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Kí á de kámẹ́rà mọ́ orí náà pẹ̀lú lẹ́ńsì tí ó wúwo jù lọ nínú àpò, kí á kọ ọ́ sí ohun kan tí kò ní kúrò lójú kan, bí igun fèrèsé tàbí orí ìṣó lára ògiri, kí á sì sọ ojú ẹ̀yìn kámẹ́rà di ńlá níwọ̀n ìlọ́po mẹ́wàá kí orí ìṣó náà lè wà ní àárín gbùngbùn. Lẹ́yìn náà, kí á lọ́ kókó náà pinpin, kí á sì yọwọ́. Orí tí ó dára yóò jẹ́ kí ìṣó dúró síbi tí ó wà, tàbí kí ó sún ní ìwọ̀n tí kò tó nǹkan. Orí tí kò dára yóò jẹ́ kí ìṣó náà gòkè díẹ̀díẹ̀ lójú kámẹ́rà, èyí tí ó túmọ̀ sí pé iwájú kámẹ́rà ń wálẹ̀. Àléébù yìí kò ní ju kámẹ́rà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ṣùgbọ́n yóò ba gbogbo àwòrán òru jẹ́, olówó rẹ̀ yóò sì máa fi ẹ̀sùn kan lẹ́ńsì. Kí á tún yí kámẹ́rà sí ẹ̀gbẹ́, bí ìgbà tí a bá fẹ́ ya ènìyàn ní òòró, nítorí pé ipò yẹn ni bọ́ọ̀lù máa ń jìyà jù.

Bọ́ọ̀lù tí ó tóbi ń di nǹkan mú ju èyí tí ó kéré lọ, torí pé ara rẹ̀ tí ó kan ihò pọ̀ sí i. Kókó tí ó wà fún yíyí ìdí orí nìkan yẹ kí ó yàtọ̀ sí èyí tí ń de bọ́ọ̀lù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tí ó fẹ́ yí kámẹ́rà sí ọ̀tún díẹ̀ yóò tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Orí tí a fi ike ṣe ihò inú rẹ̀ kò ní pẹ́ kí ó tó yingin. Àwọn ẹsẹ̀ kámẹ́rà tí ó pọ́ jù, tí wọ́n ti kan orí mọ́ ẹsẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ tí kò sì ṣeé yọ, kò yẹ fún kámẹ́rà tí ó ju fóònù lọ. Ó sàn kí ènìyàn ra ẹsẹ̀ tòkunbọ̀ tí ó lágbára, kí ó sì ra orí tuntun tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n lé e lórí.

Láàárín kámẹ́rà àti orí ni àwo pẹlẹbẹ kan máa ń wà, tí a ń lọ́ mọ́ ìdí kámẹ́rà, tí ẹ̀mú orí yóò sì gbá mú. Òun ni ohun tí ó kéré jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun náà ni ó sì ń sọ ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ kámẹ́rà di pàǹtírí. Ẹsẹ̀ kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń wá pẹ̀lú àwo tí kò bá ti ẹnikẹ́ni mu. Ní ọjọ́ tí àwo náà bá sọnù, orí kò wúlò mọ́, kò sì sí ìsọ̀ tí a ti lè rí irú rẹ̀ rà. Nítorí náà, kí á ra orí tí ẹ̀mú rẹ̀ bá irú àwo tí ilé-iṣẹ́ Arca-Swiss gbé jáde mu, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ wọnú, tí fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ìwọ̀n mílímítà 38, nítorí pé àìmọye ilé-iṣẹ́ ni ó ń ṣe é. Ilé-iṣẹ́ Manfrotto náà ní irú tirẹ̀, èyí tí ó rọrùn láti rí, ṣùgbọ́n àwo Arca-Swiss kò ní wọ inú rẹ̀. Kò sí àjọ kan tí ó fi òfin de ìwọ̀n Arca-Swiss, àwo ilé-iṣẹ́ kan lè fi díẹ̀ fẹ̀ ju ti òmíràn lọ. Ẹ̀mú tí a ń lọ́ bí bóòtù yóò bá gbogbo wọn mu, ṣùgbọ́n ẹ̀mú tí a ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbá pa lè dì mọ́ ọ̀kan rẹ́gí kí ó sì fi òmíràn sílẹ̀ pẹ̀lú àyè tí kámẹ́rà lè gbà yọ́ jáde. Àwo tí ó bá ní bóòtù kékeré ní ìkángun méjèèjì, tí kò ní jẹ́ kí ó yọ̀ bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ni kí á mú.

Ìtọ́jú kò le. Ní àsìkò ọyẹ́, eruku pupa máa ń wọ inú bọ́ọ̀lù, ó sì máa ń fi ara rẹ̀ hàn bí ìró gbígbẹ nígbà tí a bá ń yí i. Aṣọ gbígbẹ tí ó mọ́ ni kí á fi nù ún. Òróró ni àwọn kan máa ń sáré da sí i, ìyẹn sì ni àṣìṣe tí ó burú jù, nítorí pé lílọ̀ bọ́ọ̀lù mọ́ ara ihò ni ó ń di kámẹ́rà mú, òróró a sì máa sọ ọ́ di yíyọ̀. Ẹni tí ó bá gbé ẹsẹ̀ kámẹ́rà lọ sí etí òkun ní Badagry tàbí Lẹ́kí, kí ó fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó sì jẹ́ kí ó gbẹ kí ó tó ká a.

Ohun èlò méjì mìíràn wà tí òṣùwọ̀n kan náà kàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í ṣe rìmóòtù tàbí orí. Bátìrì ńlá tí wọ́n ń pè ní NP-F970, tí a fi ń tan iná fídíò, ní bátìrì róbótó mẹ́fà nínú, tí wọ́n tò ní méjì-méjì ní ọ̀nà mẹ́ta. Bátìrì róbótó irú èyí tí ó dára kì í sábà ju 3,500 mAh lọ, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ 10,500. Èyí tí wọ́n bá kọ nọ́ńbà tí ó fi púpọ̀ ju èyí lọ sí lára, àsọdùn ni, ẹni tí ó bá sì lè parọ́ lórí nọ́ńbà lè parọ́ lórí ohun tí ó ń dènà kí bátìrì má gbiná. Èkejì ni fíláàṣì àtijọ́ tí ó ń wá nínú ẹrù tòkunbọ̀. Àwọn kan nínú Vivitar 283 ayé ọjọ́un ń rán iná tí ó ju fóltì 200 lọ sí ibi tí wọ́n ti kan kámẹ́rà, nígbà tí àwọn kan nínú kámẹ́rà dígítà tí ó kọ́kọ́ jáde kò gbà ju fóltì 6 lọ. Kí oníná fi mítà rẹ̀ wọ̀n ọ́n kí ó tó gun orí kámẹ́rà.

Ní ti orúkọ ilé-iṣẹ́, kí olùrà mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ kan lè ṣe rìmóòtù kan náà fún àwọn òǹtajà mẹ́fà, kí oníkálukú sì lẹ orúkọ tirẹ̀ mọ́ ọn. Bí àwòrán méjì bá jọra láti ibi bọ́tìnnì dé ibi ìlà tí ó wà lára ike, ohun kan náà ni, èyí tí ó pọ́ nínú wọn sì ni kí ó mú. Kí ẹni tí ó bá ń lọ sí ìsọ̀, yálà ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí níbikíbi, gbé kámẹ́rà rẹ̀ àti lẹ́ńsì tí ó wúwo jù dání. Rìmóòtù tí ó pọ́ jù ni kí ó rà bí ó bá ti ya àwòrán lójú rẹ̀, kí ó sì kó owó tí ó ṣẹ́ kù lé orí ẹsẹ̀ kámẹ́rà. Òǹtajà tí kò bá gbà kí wọ́n tú páálí kí wọ́n sì fi kámẹ́rà dán an wò, kí olùrà kí i pé ó dàbọ̀, kí ó sì kọjá sí ìsọ̀ tí ó kàn.